Kì í Ṣe Fíìmù Ṣáínà Ló Ba Mujeebah Jẹ́

Ẹ jẹ́ ká tètè là á mọ́lẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń sọ ọ́ kiri, láti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dé ìdí ẹni tó ń lọ ata, pé fíìmù Ṣáínà ló yí Mujeebah lórí, òun ló jẹ́ kó da ọ̀rọ̀ rú lójú àlejò lọ́jọ́ tí ọkọ wá tọrọ rẹ̀. Irọ́ ni. Àwọn tó ń sọ ọ́ ò wo fíìmù náà rí, wọn ò sì mọ Mujeebah ju aṣọ tó rán fún wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ òótọ́, kó fìdí mọ́lẹ̀.

Mùṣín ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n ẹ má retí Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu Mujeebah. Yorùbá Èkó ló ń sọ, wàràwàrà, bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Bàbá wọn ti jáde láyé tipẹ́. Ìyá wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Habeeb nítorí àkọ́bí wọn ọkùnrin, ló fi ẹ̀wà àti gàrí tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà tọ́ àwọn ọmọ méjèèjì. Nígbà tí Mujeebah jáde girama, kò sẹ́ni tó dárúkọ yunifásítì sí i létí. Wọ́n mú un lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ìyá kan ní Tejúoṣó, ọ̀gá tí ojú rẹ̀ le koko. Bí o bá fi abẹ́rẹ́ gba ibi tí kò yẹ, kò ní lù ọ́, kò ní bú ọ. Á kàn ní kí o tú u, á sì yíjú síbòmíràn. Mujeebah tú aṣọ títí ìka rẹ̀ fi yi. Lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀m, ọ̀gá yẹn fún un ní àlùmọ́gàjí tí òun fúnra rẹ̀ fi ń gé aṣọ, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn rí.

Nígbà tó yá, ó rí ṣọ́ọ̀bù ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Onílé ní òun kì í gba obìnrin tí kò lọ́kọ sí ilé òun, àfi bí ẹni pé irùngbọ̀n ni wọ́n fi ń ránṣọ. Ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Habeeb, tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní gáréèjì Jíbówú, bá fọwọ́ síwèé lórúkọ ara rẹ̀. Owó Mujeebah ni, orúkọ Habeeb ni. Mujeebah gbé máṣíìnì méjì síbẹ̀, ó gbé tábìlì ìgéṣọ sí i, ó gbé dígí gígùn kọ́, ó sì so tẹlifíṣọ̀n kékeré mọ́ ògiri. Ibẹ̀ ló wà títí ó fi lé lọ́gbọ̀n ọdún. Iṣẹ́ ń lọ, oníbàárà ń wọlé, ọkọ ni kò sí, ẹ sì mọ bí ayé ṣe ń ka ìyẹn sí.

Àǹtí Christabel ló gbé fíìmù náà wá. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà paraku, wọn kì í fẹ́ kí aṣọ fún wọn lápá. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá wọn aṣọ, wọ́n á jókòó, wọn ò ní lọ mọ́. Fíìmù náà wà nínú fíláàṣì wọn. Èdè Ṣáínà ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń kọ òyìnbó sísàlẹ̀. Mujeebah gbọ́ òyìnbó dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ máa gbójú sókè. Bó bá dán an wò, ìka ara rẹ̀ ló máa rán. Nítorí náà, Àǹtí Christabel ló ń kà á sókè fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Yorùbá, ẹ sì wo Yorùbá tí wọ́n ń kà: Yorùbá orí pẹpẹ gan-an. Ọmọkùnrin Ṣáínà á sọ̀rọ̀ kékeré kan sétí olólùfẹ́ rẹ̀, Àǹtí Christabel á gbóhùn sókè, wọ́n á ní, "Ìwọ àyànfẹ́ obìnrin yìí, dájúdájú ọkàn mi kún fún ayọ̀ nítorí rẹ." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Àǹtí Christabel kì í rẹ́rìn-ín ní tiwọn.

Ìtàn náà kò le. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Méìlín. Ó ń fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá odò. Ọkùnrin olówó kan tó ń jẹ́ Jùn fẹ́ ra gbogbo òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù náà wà kó lè wó o. Ó wá wo ibẹ̀, ó rí Méìlín, ó gbàgbé wíwó.

Ohun tó dára nínú fíìmù náà, Mujeebah ò fi bò fún ẹnikẹ́ni. Jùn mọ obìnrin tọrọ, kì í kánjú. Ó pẹ́ gan-an kó tó di ọwọ́ Méìlín mú, ọjọ́ tó sì dì í mú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló pariwo. Ọmọdé inú rẹ̀ ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé tíì fún àgbà, wọ́n ń kúnlẹ̀ fún ìyá ìyá wọn. Ìyá Habeeb yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i, wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀kọ́ ilé. Aṣọ ńkọ́? Mujeebah á dá fíìmù dúró, á wo bí wọ́n ṣe gé ọrùn rẹ̀ tí bọ́tìnnì fi bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gé e sára àǹkárá. Obìnrin ń ti Yábàá wá rán irú ọrùn yẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó wọ̀ ọ́ lára jù lọ ni pé Jùn a máa wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Méìlín, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn di òwú mú fún un kó má bàa lọ́. Mujeebah ò rí irú rẹ̀ rí láyé rẹ̀, pé ọkùnrin jókòó ti obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ láì béèrè oúnjẹ.

Ibi tó burú wá ńkọ́? Ẹni bá ń sunkún a máa ríran. Fíìmù náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí a ti wò tán, wọ́n á tún fi hàn wá pẹ̀lú orin, bí ẹni pé orí wa ti gbàgbé. Méìlín kò lè rin ilẹ̀ títẹ́jú kó má ṣubú sọ́wọ́ Jùn; Mujeebah béèrè títí bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba ni. Òjò díẹ̀ á kàn án, á dákú. Ìyá Jùn burú, kò sì sí ìdí kankan tó fi burú ju pé ìyá ọkọ ni.

Gbogbo ìyẹn, wọ́n lè fara dà á. Èyí tí Mujeebah ò lè fara dà ni ìdákẹ́. Méìlín rí Jùn pẹ̀lú obìnrin kan nínú mọ́tò, àbúrò Jùn ni, ìyá wọn ló kàn yàtọ̀. Kàkà kó béèrè, ó lọ sílé lọ sunkún. Jùn náà rí i pé ojú rẹ̀ yàtọ̀, kò béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yẹra fún ara wọn fún apá mélòó kan tí gbólóhùn ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá ti yanjú rẹ̀. Mujeebah á gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, á nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n, á ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, kí ló ń gbé ẹnu pamọ́ fún? Inú á bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò ní lè ránṣọ mọ́ títí apá yẹn á fi tán.

Àsìkò yìí kan náà ni Àkàngbé dé. Ó ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé ní Mùṣín, ó sì máa ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti gáréèjì Jíbówú. Ibẹ̀ ni Habeeb ti mọ̀ ọ́n tó sì fi í mọ àbúrò rẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Jẹ́jẹ́ ni. Bó bá sọ pé òun ń bọ̀, á wá. Ó ń ra ọsàn wá fún Ìyá Habeeb, ó ń kí gbogbo ilé. Ó wu Mujeebah, ó wù ú gidigidi. Bí fóònù bá dún lórí tábìlì ìgéṣọ, ojú rẹ̀ á ti yí padà kó tó gbé e.

Lọ́jọ́ kan, Àkàngbé fi ẹ̀rín sọ fún un pé tó bá ti wọ ilé òun, ìyà máṣíìnì tán nìyẹn. Òun kò ní jẹ́ kí ìyàwó òun tẹ ẹ̀yìn ba mọ́. Rere ló rò ó sí. Mujeebah rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Ó rò pé eré ni. Ó tún sọ ọ́ nígbà mìíràn, ó ní òun ti rí ẹni tó máa ra àwọn máṣíìnì náà, Mujeebah tún dákẹ́. Kí ló fẹ́ sọ? Ó ti lé lọ́gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń da ìyá rẹ̀ láàmú, gbogbo àdúrà ìyá náà kò ju ọkọ Mujeebah lọ. Ó bá ara rẹ̀ sọ pé bí òun bá ti délé ọkọ tán, òun á fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá a sọ ọ́. Ìyẹn ni obìnrin tó ń bá Méìlín jà lójú tẹlifíṣọ̀n.

Habeeb ní tirẹ̀ kò dúró. Ó ní ìdákẹ́ ọmọge, ìjọ́hẹn ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bá a nílé, bẹ́ẹ̀ náà ni àáfà rẹ̀ sọ ọ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé Àkàngbé pé àbúrò òun ti gba gbogbo rẹ̀ wọlé. Wọ́n dá Sátidé fún mọ̀mínmọ̀ọ́.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n wo apá tó kẹ́yìn nínú fíìmù náà. Ṣọ́ọ̀bù kún. Jùn kọ̀ láti wó òpópónà, ó bá ìyá rẹ̀ jà, ó gbé Méìlín níyàwó, gbogbo wọn patẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni Méìlín ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ìyá Jùn lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n tún fi í hàn nílé ńlá, ó gbé ọmọ dání lójú fèrèsé, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú dígí lára ògiri. Orin bẹ̀rẹ̀, ó parí.

Mujeebah dìde dúró. Ó ní ẹni tó kọ ìparí yìí kò wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣebí inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni Jùn ti rí i, ṣebí òwú ibẹ̀ ló ń dì mú tí ìfẹ́ fi wọ̀ ọ́ lára. Obìnrin wo wá ni wọ́n gbé wọlé ńlá yẹn? Àǹtí Christabel ní bẹ́ẹ̀ ni ìgbéyàwó rí, obìnrin á fi nǹkan sílẹ̀. Mujeebah bi wọ́n léèrè ohun tí Jùn fi sílẹ̀, wọn ò rí kankan kà. Ìgbà náà ni Àǹtí Christabel bọ́ awò ojú wọn, wọ́n wò ó.

"Mujeebah, kí ni ìwọ sọ fún Àkàngbé nígbà tó ní kí o ti tìẹ?"

Ó jókòó padà sídìí máṣíìnì, ó gbá aṣọ mú, kò rán an.

Wọn ò tíì túká nígbà tí ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú téèpù. Ó kí wọn dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri. Wọ́n bi í léèrè, ó ní fóònù lòun ń tà, onílé ló ní kí òun wá wo ibi tí òun máa kan àpótí fóònù mọ́, nítorí Habeeb ti ní ṣọ́ọ̀bù máa ṣófo lóṣù tó ń bọ̀. Ó bẹ Mujeebah pé kó jọ̀wọ́ gbé dígí náà kúrò díẹ̀. Mujeebah fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un dé ẹnu ọ̀nà, kò bínú sí i, ó ní kó máa lọ, ṣọ́ọ̀bù yìí ò ní ṣófo. Ó padà wọlé, ó nu ojú dígí náà.

Sátidé pé. Ilé Ìyá Habeeb ní Mùṣín kò tóbi, wọ́n to àga dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ará ilé Àkàngbé gbé èso wá, wọ́n gbé oyin wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá Àkàngbé, Alhaja Sìmíátù, ló ń ṣe agbẹnusọ. Wọ́n kí, wọ́n ṣe àdúà, wọ́n ní kí wọ́n pe ọmọ. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí níbẹ̀. Wọ́n á bi ọmọ léèrè lójú gbogbo ènìyàn bóyá ó gbà, ìyẹn ni ìṣíhùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń retí ohùn níbẹ̀. Ọmọ á tẹrí ba, á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní alhamdulillahi, oúnjẹ á sì jáde.

Mujeebah kúnlẹ̀ níwájú wọn, orúnkún méjèèjì, bó ṣe yẹ. Alhaja Sìmíátù bi í léèrè bóyá ó mọ àwọn tó jókòó yìí, bóyá ó sì fẹ́ àwọn.

"Mo mọ̀ yín, mà. Mo fẹ́ yín, mo sì fẹ́ Bọ̀dá Àkàngbé tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mi ò ní ti ṣọ́ọ̀bù mi, mi ò sì ní ta máṣíìnì mi."

Habeeb wúkọ́, ó ní eré ló ń ṣe, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mujeebah ní òun ò ṣeré, ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Alhaja Sìmíátù ní nínú ẹbí tàwọn, bí ọkọ bá ti lágbára, ìyàwó kì í tún ta kiri mọ́. Góòlù ni Alhaja fúnra wọn ń tà o, Dùbáì ni wọ́n ti ń kó o wá, ṣùgbọ́n ta ló máa fi ìyẹn kò wọ́n lójú? Wọ́n wá béèrè ẹni tó kọ́ ọmọ yìí ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Habeeb kò jẹ́ kó tutù, ó ní fíìmù Ṣáínà ni, òwúrọ̀ dalẹ́ ló ń wò ó, ó ti bà á lórí jẹ́.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mujeebah ò dìde lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Fíìmù yẹn kọ́ mi pé ọkùnrin lè jókòó ti obìnrin kó sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dára, mi ò lè pè é ní burúkú. Ṣùgbọ́n ó tún parọ́ fún mi. Obìnrin inú rẹ̀ dákẹ́ títí wọ́n fi ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n sì ní ká máa patẹ́wọ́. Èmi náà ti dákẹ́, ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bọ̀dá Àkàngbé. Ẹ bi mí, mo sì ti dáhùn."

Àkàngbé la ẹnu fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó ní òun rò pé òun ń gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀ ni. Mujeebah ní òun mọ̀, inú òun sì dùn sí i, ṣùgbọ́n kò bi òun rí bóyá ẹrù ni. Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé. Ṣùgbọ́n Alhaja Sìmíátù ti dìde, wọ́n ní àwọn á lọ ronú sí i, wọ́n sì ní kí wọ́n kó èso àti oyin padà sínú mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń jáde, Àkàngbé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Mujeebah bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Àwọn ẹbí rẹ̀ pè é, ó lọ.

Habeeb ya wèrè. Ó ní ó ti dójú ti òun, Jíbówú ò ṣeé lọ fún òun mọ́. Ó ní ó dáa, kó lọ jẹ ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n orúkọ ta ló wà nínú ìwé? Òun á pe onílé lónìí, oní-fóònù á wọlé, òun á sì wo ibi tí ó ti máa ránṣọ. Mujeebah ní etí títì ò kún, òun á gbé máṣíìnì síbẹ̀, oníbàárà òun mọ ojú òun, wọn ò mọ ògiri. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ́ràn Àkàngbé, kò sì mọ̀ bóyá ó máa tún pè. Ó sunkún díẹ̀, ó nu ojú.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ìyá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mujeebah ti múra ìjà sílẹ̀. Ìyá Habeeb jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, wọn ò bú u, wọn ò gbàdúrà lé e lórí.

"Inú yàrá ni mo wà nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mò ń gbọ́ ẹ̀rín wọn. Kò sẹ́ni tó bi mí."

Mujeebah béèrè ohun tí wọn ì bá sọ ká ní wọ́n bi wọ́n.

"Màá ní mo fẹ́ bàbá yín. Bàbá yín dára. Màá wá ní kí wọ́n jẹ́ n parí tàìpù tí mò ń kọ́, ó ku díẹ̀ kí n ṣe ìdánwò." Wọ́n fi ìka tẹ itan wọn bí ẹni ń tẹ tàìpù. "Mo mọ̀ ọ́n tẹ̀, Mujeebah. Mi ò kì í wo ọwọ́ mi."

Láti ọjọ́ tí Mujeebah ti ń bá wọn wọn gàrí, kò gbọ́ ọ rí. Ó na ọwọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n Ìyá Habeeb ti dìde. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí Habeeb jókòó sí láàárín àwọn àga tó ṣófo.

"Habeeb, pe onílé. Sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi ò sí fún ẹnikẹ́ni, kó sì gbé ìwé wá kó wá kọ orúkọ Mujeebah síbẹ̀. Tó bá ní kò lọ́kọ, sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń bọ̀ wá bá a lọ́la."

Habeeb ní kí wọ́n jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn, inú ń bí òun. Ìyá rẹ̀ kò dá a lóhùn. Wọ́n fa àga kan, wọ́n jókòó sí iwájú rẹ̀, wọ́n ń wò ó títí ó fi tẹ nọ́ńbà náà.